Ilẹ̀ Tí Wọ́n Wọ̀n Lẹ́ẹ̀rùn

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú."

"A ti dì í mú!"

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí akàn ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, obìnrin kan wà nílùú kan létí odò. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ọdún méje ló fi wá ọmọ kó tó rí ọ̀kan ṣoṣo bí.

Nílùú náà, ẹnikẹ́ni kì í kọ́lé sí ẹ̀bá odò. Akàn àti ọ̀pọ̀lọ́ ló nibẹ̀. Pèrègún ni àwọn àgbà gbìn ṣe ààlà.

Ìgbà tó yá, ìlú kún. Baálẹ̀ tuntun sọ̀ kalẹ̀ lọ wo odò lẹ́ẹ̀rùn. Omi ti gbẹ, ọmọdé ń fò ó kọjá.

"Èyí náà lẹ ń pè ní odò? Ẹ hú pèrègún yẹn! Ẹ wọn ilẹ̀, kí ẹ pín in!"

Àwẹ̀ró gba tirẹ̀, ó kọ́lé.

Òjò dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, akàn yọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Ìyá ọmọ, ẹ gbé ọmọ yín kúrò níbí. Onílẹ̀ ń bọ̀."

"Onílẹ̀ wo? Baálẹ̀ ló fún mi nílẹ̀."

"Ṣé Baálẹ̀ sọ fún omi?"

Ọmọ ń sùn lọ́wọ́. Àwẹ̀ró fi í sílẹ̀ lórí ẹní, ó sáré tọ Baálẹ̀ lọ.

Baálẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Akàn! Akàn tí à ń fi se ọbẹ̀!"

Kó tó padà, ojú ọ̀run ti ṣú dúdú. Ó gbọ́ orin omi lókè odò. Ẹ bá mi gbè é:

"Ta ló kọ́lé sọ́nà mi o?"

"Yàgò!"

"Ta ló tẹ́ní sọ́nà mi o?"

"Yàgò!"

"Ìyá àgbà, ṣé ọmọ náà kú?"

Ìwọ tó ń béèrè, dákẹ́ ná. Ẹ̀rù ń ba èmi gan-an.

Àwẹ̀ró kó sómi. Omi dé orúnkún, ó dé ìbàdí, ó mu ún dé àyà. Ẹní ti léfòó nínú yàrá, ọmọ ń ké lórí rẹ̀, akàn sì fi ọwọ́ méjèèjì di etí ẹní mọ́ òpó. Àwẹ̀ró já ọmọ gbà. Bó ṣe jáde báyìí, ilé wó lulẹ̀, gbì!

Lọ́jọ́ kejì, Baálẹ̀ dé, ó tẹrí ba. "Ẹ ṣe sùúrù. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a ó tún un wọ̀n."

"Rárá o, Baálẹ̀! Ìsinsìnyí tí omi ṣì wà nílẹ̀ ni ká wọ̀n ọ́n."

Àwẹ̀ró pọnmọ, ó kó pèrègún dání. Ibi tí omi bá dé, ó ń gbìn ín síbẹ̀. Ó gbìn ín lọ, ó gbìn ín lọ, títí ààlà fi kọjá sókè ilé Baálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Baálẹ̀ wo omi tó ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tí yóò pín ilẹ̀ létí odò, kó dúró de òjò. Omi lè rìnrìn àjò, àmọ́ kò ta ilé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé nìyẹn. Bí mo bá purọ́, kí eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi ká.

"Kò ní í ká o, Ìyá àgbà!"