Ìjàpá àti Ẹ̀rọ Tó Ń Wá Ìdí

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ohùn yín kéré. Ṣé oúnjẹ alẹ́ ni kò tó yín ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹn-ẹ́n. Àlọ́ mi gbéra, ó rìn títí, ó já sí etí odò, ó bá Ìjàpá níbi tó ti ń bá irin sọ̀rọ̀. Bàbá Làńkẹ́, ẹ̀yin tí ẹ fi ìgbà ọ̀dọ́ yín gé gẹdú, bí mo bá ṣi ibì kan sọ, ẹ bá mi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ní ìgbà kan rí, gbogbo ẹranko ń gbé ní apá kan odò, oko wọn sì wà ní apá kejì. Igi ńlá kan ni wọ́n fi ṣe afárá. Lọ́dún kan, àgbàrá òjò gbé afárá náà lọ. Àgbàdo gbó sóko, kò sẹ́ni tó lè lọ kó o wálé. Omi lásán ni àwọn ọmọ ń mu sùn.

Igi tí wọn yóò fi ṣe afárá mìíràn wà. Igi apá ni. Ó ti wó sínú àfonífojì tó wà lẹ́yìn ilé Ìjàpá, ẹrẹ̀ sì ti gbé ìdajì rẹ̀ mì. Tẹ́lẹ̀ rí, Erin ni í ṣíwájú bí wọ́n bá fẹ́ fa irú igi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Erin ti dàgbà, orúnkún ń dùn ún. Bó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí, àfi kí wọ́n gbé e dìde, ta ló sì fẹ́ gbé Erin?

Ni Erin bá pe ìpàdé. Wọ́n fẹnu kò pé kí olúkúlùkù mú ìwọ̀nba iṣu tó kù nílé wá, kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ tí ń fa gẹdú. Alákàn ló ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ọjà ìsàlẹ̀ odò. Ìjàpá ni wọ́n rán, nítorí Ìjàpá mọ ọjà ná. Ìyẹn ni wọ́n rò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin kan fún yín kí n tó máa lọ. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn ẹranko ti ń wí pé ọwọ́ tó bá fa igi ló ni igi. Nítorí pé gbogbo wọn ni í jùmọ̀ fà á, gbogbo wọn ni í jùmọ̀ ni ín. Kò sẹ́ni tó rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọwọ́ kan ṣoṣo yóò fa odindi igi apá.

Ìjàpá rò ó. Kó tó dé ọjà ló ti rò ó tán. Bí òun bá rí ẹ̀rọ tó lágbára rà, òun nìkan yóò fa igi náà wá sí ẹnu ọ̀nà òun kí ilé tó jí. Igi á di tòun. Afárá á di tòun. Ẹni tó bá ń ti oko bọ̀ á san ìṣákọ́lẹ̀ àgbàdo kó tó kọjá. Òun á ṣáà jókòó sí ẹsẹ̀ afárá, ìyàwó òun á máa kó àgbàdo sínú àká. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà.

Ó bá Alákàn láàrin ọjà rẹ̀. Alákàn bi í níbi tí igi náà wà. Ó bi í bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ ní ẹrẹ̀, ó bi í irú igi tó dúró nítòsí. Ìjàpá kò dáhùn ọ̀kan.

Ó ní, "Bàbá Alákàn, èwo ló lágbára jù?"

Alákàn kọ́kọ́ fi èyí kékeré hàn án. Ó ní ẹni méjì lè gbé e, kì í mu epo bẹntiróòlù púpọ̀, ó sì ní kẹ̀kẹ́ irin tí okùn wáyà ń gbà kọjá kí ẹrù lè fúyẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fà, àmọ́ ó ń fà. Ó ní bí ọwọ́ bá pọ̀ níbi iṣẹ́, òun ni kí wọ́n rà. Ìjàpá kò fẹ́ kí ọwọ́ pọ̀. Ó nawọ́ sí ọ̀gá ẹ̀rọ kan tó pupa fòò, tí okùn rẹ̀ nípọn tó ìka.

Alákàn ní, "Ìyẹn lágbára. Ó lè fa irú igi rẹ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí agbára rẹ̀ ti tó ni ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó. Kí o tó tàn án, fún un ní ìdí tó dúró dáadáa. Bí kò bá rí ìdí..."

Ìjàpá ní, "Ó ti yé mi."

Kò yé e. Ẹ wo bí Bàbá Làńkẹ́ ti ń mi orí. Ìdí igi ni Alákàn ń wí, ìdí igi tó ta gbòǹgbò, tí wọn yóò so ẹ̀yìn ẹ̀rọ mọ́ kí ẹ̀rọ má bàa rìn. Ìdí ọ̀rọ̀ ni Ìjàpá gbọ́. Ó ní nǹkan tó lágbára báyìí, àgbà ni. A kì í sì í ṣáà pàṣẹ fún àgbà, a máa ń sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún un kó tó dìde. Ó pinnu pé òun kò ní sọ ọ́ létí ẹnì kankan, nítorí ẹni tó bá mọ ìdí ẹ̀rọ ló ni ẹ̀rọ.

Ó fi iṣu ra ọ̀gá ẹ̀rọ náà. Nígbà tó délé, Erin bi í bóyá Alákàn fún wọn ní ìmọ̀ràn kankan. Ìjàpá ní kò sọ nǹkan kan, ó ní kí àwọn ṣáà tàn án ni. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sínú ilé Ìjàpá, nítorí òun ló sún mọ́ àfonífojì, wọ́n sì fi iṣẹ́ sí ọ̀la, tí oòrùn bá ti là.

Ìyàwó Ìjàpá yí ẹ̀rọ náà po. Ó rí ìkọ́ irin lẹ́yìn rẹ̀.

"Baálé mi, kí ni wọ́n ń fi ìkọ́ yìí ṣe?"

Ìjàpá ní wọ́n fi ń so ó ni, kó má bàa sá lọ, bí ìgbà tí a bá so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Ló bá so ó mọ́ òpó àárín ilé, òpó tí gbogbo òrùlé gbára lé. Ìyàwó rẹ̀ rán an létí pé ikán ti wà nídìí òpó yẹn láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìjàpá ní ta ló bi í. Obìnrin náà rọra kó ìkòkò rẹ̀ síta.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, Ìjàpá sọ̀ kalẹ̀ lọ so okùn mọ́ igi apá. Ó gòkè padà, ó dúró níwájú ẹ̀rọ, ó kí i, ó sì sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún un: afárá ti lọ, ebi ń pa ọmọ. Ó tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ bú ramúramù. Okùn wáyà le gan-an. Igi apá kò mì, ẹrẹ̀ dì í mú. Òpó ilé ló ké lẹ́yìn ẹ̀rọ pé, "Hẹ̀n-ẹ́n?"

Ìjàpá rò pé ẹ̀rọ ni. Ó ní áà, ìdí tí mo sọ kò tó o. Ó wá fi orin sí i, ó sì ń pariwo kí ẹ̀rọ lè gbọ́. Ẹ gbè é: *Fà á wá!*

Ẹ̀rọ, gbọ́ ìdí o,
*Fà á wá!*
Ebi ń pa ọmọ o,
*Fà á wá!*

"Hẹ̀n-ẹ́n?" ni òpó tún ké. Ìjàpá rí i pé àgbà yìí kò fẹ́ irọ́. Ó tú inú rẹ̀ sílẹ̀.

Tèmi nìkan ni igi o,
*Fà á wá!*
Erin á san ìṣákọ́lẹ̀,
*Fà á wá!*
Ẹfọ̀n á ru àgbàdo wá,
*Fà á wá!*
Èmi á jókòó lásán o,
*Fà á wá!*

Nígbà tó yá, ó gbọ́ tí ohùn púpọ̀ ń gbè é. Ó rò pé ẹ̀rọ ti gbà. Ó wẹ̀yìn, ó rí Erin. Ó rí Ẹfọ̀n. Gbogbo ìlú ti dúró síbẹ̀ tọmọtọmọ, ariwo ẹ̀rọ ló jí wọn. Àsàkẹ́, ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, bó bá jẹ́ ìwọ ni, ibo lo máa gbà?

Kí Ìjàpá tó la ẹnu, òpó ṣẹ́ nídìí. Òrùlé wó bo Ìjàpá. Ẹ̀rọ gbé òpó, òpó gbé òrùlé, Ìjàpá ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, ó di àfonífojì. Ẹ̀rọ náà kò dúró títí ó fi kan igi apá nínú ẹrẹ̀, tí epo rẹ̀ sì dà nù. Ẹ̀rọ kò ṣẹ̀ o. Fífà ni wọ́n ní kó fà, ó sì fà. Igi apá ní ìdí nínú ẹrẹ̀, ilé Ìjàpá kò ní. Ohun tí kò nídìí ló lọ bá ohun tó nídìí.

Erin rọra sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ó bi í pé, "Ìjàpá, kí ni Alákàn sọ fún ọ gan-an?"

Ohùn kan jáde lábẹ́ koríko òrùlé. "Ó ní kí n fún un ní ìdí."

"Ìdí igi ni, Ìjàpá. Ká ní o bi ẹyọ ẹnì kan nínú wa, à bá ti sọ fún ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìjàpá ju ilé tó wó lọ. Ó rá pálá jáde lábẹ́ òrùlé, kò lè gbé orí sókè.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ gòkè, wọ́n bu epo sí i, wọ́n so ó mọ́ ìdí ìrókò kan tí àwọn baba wọn bá láyé, wọ́n sì tàn án. Àwọn kan fa okùn, àwọn kan wa ẹrẹ̀, igi apá sì ń bọ̀. Ìjàpá dúró lókèèrè. Erin yà fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, ó ní kó fọwọ́ kàn án, ó ní ọmọ tirẹ̀ náà ń jẹ àgbàdo. Ìjàpá fọwọ́ kàn án. Kí oòrùn tó wọ̀, afárá ti délẹ̀, wọ́n ti ń sun àgbàdo.

Ní ti ilé, Ìjàpá kò gbẹ́kẹ̀ lé òpó mọ́. Ó kó ìyókù òrùlé rẹ̀ jọ, ó gbé e sẹ́yìn, ó wọ inú rẹ̀. Títí di òní, ilé Ìjàpá kò ní òpó. Bó bá sì gbọ́ tí nǹkan ń kùn lọ́ọ̀ọ́kán, á fa orí wọlé, á fa ẹsẹ̀ wọlé, á di ilé rẹ̀ mú.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá ń wá agbára, kó kọ́kọ́ wá ìdí tí agbára náà yóò dúró lé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilé ara rẹ̀ ni yóò fà wó. Ẹni tó bá sì ń fi ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú pamọ́ sínú, kò ní rí ẹni bá a tún un ṣe. Èmi ti so àlọ́ tèmi mọ́ igi tó ta gbòǹgbò. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó fà á wò.