Ọ̀rọ̀ Tí Kónráàdì Gbẹ́ Sókè Ilẹ̀kùn

Àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì bọ̀ wálé ló sọ ìtàn Kónráàdì fún wa. Ọmọ Jámánì ni. Kékeré ló wà tí bàbá rẹ̀ fi kó wọn sọdá òkun lọ tẹ̀dó sínú igbó Bùràsíìlì. Àṣà wọn ni kí onílé gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára igi òkè ilẹ̀kùn rẹ̀. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni bàbá yìí ń kọ́ Kónráàdì níwèé, á ní kó ka ọ̀rọ̀ òkè ilẹ̀kùn kó tó wọlé jẹun.

Nígbà tí Kónráàdì náà bí ọmọ kan ṣoṣo, Ọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé olókùúta. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ ọ. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí wọ́n fi kọ́ òun níwèé, òkúta lòun ń fi í gbẹ́.

Hẹ́mínà, ìyàwó rẹ̀, ò gbádùn ọ̀rọ̀ náà. "Bàbá Ọ́tò, ọmọ yìí ò gbọ́ èdè wa mọ́. Potogí nìkan ló ń sọ. Ẹ wá àyè kọ́ ọ níwèé."

"Jẹ́ kí n parí ilé ná. Ta ni mò ń kọ́ ọ fún? Ṣebí òun náà ni."

Ó parí ilé lóòótọ́, ó fi orúkọ Ọ́tò sí ìwé ilé náà, ó sì fi èdè Jámánì gbẹ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sókè ilẹ̀kùn: "Ọmọ mi, ìwọ ni mo kọ́ ilé yìí fún. Má ṣe tà á."

Hẹ́mínà kú. Ọ́tò ti lọ ń gbé ìlú ńlá. Lọ́jọ́ kan, ó mú àlejò kan wálé tó ń wo ògiri kiri.

"Bàbá, ẹ dìde ká lọ sọ́dọ̀ mi. Mo ti rí ẹni tó máa ra ilé yìí."

Kónráàdì fa ọmọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó nawọ́ sí ọ̀rọ̀ òkè ilẹ̀kùn. Ó gbà pé bí Ọ́tò bá ti kà á, kò ní ta ilé náà mọ́.

"Kà á, ọmọ mi."

Ọ́tò wò ó títí. "Ẹ ò kọ́ mi, Bàbá."

Bàbá bá kà á fún un, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Potogí tí kò já geere lẹ́nu rẹ̀. Ọ́tò dorí kodò.

"Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ó dùn mí pé òní ni mo ń gbọ́ ọ. Mo ti tọwọ́ bọ̀wé lánàá."

Kónráàdì jókòó sórí àtẹ̀gùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò, ó sunkún. Ta ni yóò bá wí? Ìdí nìyí tí àwọn àgbà tó gbọ́ ọ fi ń pa á lówe pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.