Àrokò Eyín

Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń júwe Ẹfúnyẹmí ní abúlé Olókùúta. Opó ni. Àjíbádé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti lọ roko kòkó ní ọ̀nà jíjìn, ó sì ti di ọdún mẹ́rin tó ti fojú kàn án gbẹ̀yìn. Èkùrọ́ táwọn ẹlòmíràn ń fi òkúta pa, eyín lòun fi ń pa á. Bí àárò ọmọ bá ti gbé e, á da èkùrọ́ sẹ́nu, á máa pa á kíkankíkan, kó má baà sunkún lójú èèyàn.

Lámídì aláṣọ ló máa ń dé ọ̀dọ̀ Àjíbádé. Bí ọmọ bá bi í pé, “Màmá mi ńkọ́?” á ní, “Ara wọn le o! Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín bó o ṣe mọ̀ wọ́n.” Ọkàn ọmọ á balẹ̀, ó tún di ọdún tó ń bọ̀. Áà, ẹnu àwa èèyàn yìí!

Nígbà tó yá, eyín ńlá kan bẹ̀rẹ̀ sí í ro Ẹfúnyẹmí. Wọ́n ní akokoro ni. Wọ́n fín èéfín egbòogi sí i kí kòkòrò lè jáde, kòkòrò kankan ò jáde. Rẹ̀kíyà aládùúgbò rẹ̀ yẹ ẹnu rẹ̀ wò, kò rí ihò.

“Ìyá Àjíbádé, eyín yín mà sàn ju tèmi lọ! Ẹ kàn ń kẹ́ra yín ni.”

Ẹfúnyẹmí rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, wọ́n pe bàbá tó ń yọ eyín. Nígbà tó yọ ọ́ tán, òkè eyín náà funfun báláú, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ ti là sí méjì.

“Ó ti sán tipẹ́,” ni bàbá wí. “Ẹ sì ń fi jẹun?”

“Mo tún fi ń rẹ́rìn-ín.” Ló bá bú sẹ́kún. “Àárò ọmọ mi ń pa mí o, Rẹ̀kíyà!”

Ojú ti Rẹ̀kíyà. Ó fi ewé di eyín náà, ó gbé e fún Lámídì. “Sọ fún Àjíbádé pé àrokò láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Má fi ọ̀rọ̀ kankan kún un o, ọ̀rọ̀ rẹ ti pọ̀ jù.”

Àjíbádé tú ewé. Ó rí eyín funfun, ó rẹ́rìn-ín. Ó wá yí i padà. Kò bi Lámídì ní nǹkan kan mọ́, ẹrù ló lọ dì.

Ọjọ́ kẹta ló wọlé. Ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn gbágbáágbá. “Ta ló sọ fún ọ?”

“Kò sẹ́ni tó sọ, Màmá. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń ròyìn òkè eyín fún mi.”

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ń yin ẹlẹ́rìn-ín ní Olókùúta, àgbà kan á mirí, á ní: “Eyín la rí, ta ló rí gbòǹgbò?”