Erin Dá Sí Ìjà Olókò

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, èmi ò mọ nǹkan kan o. Ẹnu lásán ni mo ní. Àlọ́ mi já gbì, ó já lé Erin lórí.

Ọ̀bọ àti Ìnàkí, pẹ̀lú àwọn ará ilé wọn, ń sọ òkò lu ara wọn láti orí igi méjì. Àdàbà sì ti yé ẹyin sínú ìtẹ́ rẹ̀ lórí ìtàkùn tó so igi méjèèjì pọ̀. Ọ̀bọ ké sí Erin: "Bàbá, alágbára, ẹ gbà mí!" Erin, tí àpọ́nlé máa ń pa bí ọtí, dìde.

"Mo kàn fẹ́ dúró nídìí igi Ìnàkí ni."

Àdàbà figbe bọ orin, ẹ bá mi gbè é:

Bàbá Erin, ẹ má dá sí i o,
Jìnrìnjìn!
Ẹyin mi ń bẹ lókè o,
Jìnrìnjìn!

Òkò ba Erin létí. "Mo kàn fẹ́ mi igi náà díẹ̀ ni."

Jìnrìnjìn!

Òkò tún bà á lójú. "Ó tán! Mo kàn fẹ́ tì í ni."

Igi Ìnàkí wó, ìtàkùn sì fa igi Ọ̀bọ tẹ̀lé e. Tọ̀tá tọ̀rẹ́ nà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò sì dìde mọ́. Erin gbọn eruku etí rẹ̀, ó ní: "Ìjà ti parí. Àdàbà, ìtẹ́ rẹ dà?"