Omi Inú Ọkọ̀ Akíntìmẹ́hìn

Orí ilẹ̀ la ti ń bu omi sínú ọkọ̀. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí wa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ni orí rẹ̀ pé tí yóò máa bu omi sínú ọkọ̀ ara rẹ̀, ibo sì ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀?

Apẹja kan wà létí ọ̀sà tó ń jẹ́ Akíntìmẹ́hìn. Kò kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ní ọkọ̀ tí òun bá fọwọ́ ara òun kàn lòun yóò fi gbé ìyàwó sọdá. Iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn ni baba Abọ́sẹ̀dé, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ń ṣe jẹun. Akíntìmẹ́hìn sì fẹ́ kí baba náà mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ lòun fọmọ fún. Ó kan ọkọ̀ náà lóòótọ́. Ibi tí pákó kò ti fẹnu kora, ó fi ọ̀dà pupa bò ó mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà ń dán gbinrin.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Baba Abọ́sẹ̀dé fi àtẹ́lẹwọ́ ra ìdí ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó fi oríkèé ìka kàn án níbi mélòó kan.

“Ọkọ ọmọ mi, jẹ́ kí wọ́n bu omi kún inú rẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́,” ó wí. “Ibi tó bá ti ń kán síta, ibẹ̀ lomi ọ̀sà yóò gbà wọlé.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Akíntìmẹ́hìn wọra. Kí wọ́n máa bu omi sínú ọkọ̀ tuntun lójú gbogbo mọ̀lẹ́bí ìyàwó?

“Bàbá, ọkọ̀ tí mo bá kàn, omi kì í wọ̀ ọ́.”

Baba náà ní ó dáa. Ó súre fún wọn, ó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n sì lọ.

Wọn kò tíì dé agbede méjì ọ̀sà tómi fi kan ìyàwó lọ́rùn ẹsẹ̀. Akíntìmẹ́hìn ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó ń tukọ̀ lọ, ó ń sọ̀rọ̀ ẹja. Ẹ̀rù ń bà á, ojú sì ń tì í ju ẹ̀rù lọ. Abọ́sẹ̀dé rọra tú ẹrù rẹ̀, ó yọ igbá méjì jáde.

“Bàbá ní kí n mú wọn dání,” ó wí. “Ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún yín.”

Gbogbo ìlú ló ti ń dúró létí omi láti fi orin pàdé ìyàwó. Ohun tí wọ́n rí ni ìyàwó tó ń gbọ́nmi, àti ọkọ tó ń fi ọwọ́ kan tukọ̀, tó ń fi ìkejì gbọ́nmi, aṣọ ìgbéyàwó wọn rin gbingbin. Omi tí kò jẹ́ kí wọ́n bù sínú ọkọ̀ lójú mọ̀lẹ́bí, òun ló ń bù jáde lójú gbogbo ayé.

Lọ́jọ́ kejì, ó fa ọkọ̀ náà gorí ilẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ bu omi kún un. Ibi tó bá ti ń kán, á fi ẹfun sàmì sí i. Nígbà tó gbẹ, ó fi òwú tí a rẹ sínú ọ̀dà dúdú dí gbogbo rẹ̀ pinpin. Ọkọ̀ náà kò dán mọ́, ṣùgbọ́n kò jò.

Ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé yẹ iṣẹ́ òun wò, tó ń pe ìtọ́ni ní àrífín, òun làwọn àgbà máa ń sọ fún pé orí ilẹ̀ la ti ń bu omi sínú ọkọ̀. Bí ojú bá ti tì í láwùjọ tán, wọn kì í pa òwe náà fún un mọ́. Igbá ni wọ́n ń bá a wá.