Ògiri Tó Dínà Mọ́ Afẹ́fẹ́

Ọkùnrin kan wà létí aṣálẹ̀ tó ń fi mímọ ilé jẹun. Ògiri rẹ̀ kì í ní ihò. Aláǹgbá pàápàá kì í rí ibi tí yóò fara pamọ́ sí. Kànga kan ṣoṣo ló wà ní àgbàlá rẹ̀, omi rẹ̀ sì ni ìyàwó, àwọn ọmọ àti ewúrẹ́ ń mu.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá iyanrìn wá sínú kànga náà. Inú bí ọkùnrin yìí. Ó po amọ̀, ó mọ ògiri gíga dojú kọ afẹ́fẹ́, ó rẹ́ ẹ títí ó fi ń dán, ó ní ẹjọ́ ti parí. N kò bú u. Èmi náà ìbá ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Fún oṣù mélòó kan, kànga mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo iyanrìn tí afẹ́fẹ́ gbé wá ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri, nítorí kò rí ọ̀nà kọjá. Lọ́jọ́ kan, ó ga dé orí ògiri, ó sì ń ya sínú kànga bí ọkà tí àpò rẹ̀ ya. Ọkùnrin náà kó o títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Ìyàwó rẹ̀ ti ń di ẹrù láti kó kúrò níbẹ̀.

Ìyá ìyàwó wá kí wọn. Ó wo ògiri, ó rẹ́rìn-ín.

“Àna mi, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ ta ló sọ fún yín pé afẹ́fẹ́ ń bá yín jà? Ó kàn ń kọjá lọ ni.”

“Ìyá, kí ni kí n wá ṣe?”

Ìyá ní kí wọ́n kó pòròpórò ọkà bàbà tí wọ́n ń fi dáná. Ó so ó di ọgbà, ó fi àlàfo sí i, ó ní kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Wọ́n kó iyanrìn ẹ̀yìn ògiri kúrò, ọkùnrin náà sì fọwọ́ ara rẹ̀ wó ògiri. Afẹ́fẹ́ ń gba inú ọgbà kọjá, agbára rẹ̀ ń dín kù, ó sì ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Bí iyanrìn bá bo ọgbà, wọn a gbé òmíràn lé e lórí lẹ́yìn ìkórè. Ibẹ̀ ti di òkè iyanrìn báyìí, àwọn ọmọ sì ń fi ìdí yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Ìwọ baálé tí mò ń bá sọ̀rọ̀, o ní kí ẹnikẹ́ni má ṣàròyé nínú ilé rẹ mọ́, inú rẹ sì ń dùn pé ilé pa rọ́rọ́. Lọ wo ẹ̀yìn ògiri rẹ. Bí o bá délé, jókòó ti ìyàwó rẹ, kí o jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ náà yóò kọjá, ẹ ó sì rí omi mu.