Ìjàpá Tí Kò Kọ́ Ìṣubú

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ré gbì, ó ṣubú lu Ẹtu níbi tó ti ń dá kọ́ ìjàkadì, ó yí gbirigbiri, ó lọ lu Ìjàpá ọkọ Yánníbo.

Bàbá Ẹfọ̀n ló ń kọ́ àwọn ọmọ ẹranko ní ìjàkadì. Nígbà tó kú, koríko bo agbo ìjàkadì rẹ̀. Agbo mìíràn kò sí nítòsí, àfi lódìkejì odò ńlá. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀, ẹni tó bá sì borí nínú ìjàkadì ẹ̀ẹ̀rùn ni ilé rẹ̀ ń ni ìsun omi tó wà nítòsí. Ìyá Ẹtu ti darúgbó, kò lè rìn dé odò mọ́.

Ẹtu wá ń dá kọ́ ara rẹ̀. Ta ni yóò gbé e ṣánlẹ̀? Kò sí. Á gun òkìtì, á ju ara rẹ̀ sílẹ̀, á dìde, á máa kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹfọ̀n lọ, ilẹ̀ kù o,
*Gbìrì, dìde!*
Bí mo bá ṣubú ńkọ́?
*Gbìrì, dìde!*
Kí orin mi tó tán o,
*Gbìrì, dìde!*

Ìjàpá dé. “Àbúrò mi, Bàbá Ẹfọ̀n fi ọgbọ́n kan sí mi lọ́wọ́ fún ọ. Èmi ni àyànfẹ́ rẹ̀.”

Ẹtu wò ó. Kò rántí pé òun rí ìkarahun kankan nínú agbo náà rí.

“Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ọgbọ́n wo ni?”

“Bí wọ́n bá dì ọ́ mú, dijú, kí o gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè.”

“Kí n dijú? Ta ni yóò wá máa ṣọ́ ọwọ́ wọn?”

“Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé èmi lò ń bá jiyàn ni, àbí òkú?”

Ẹtu fẹ́ gbà á gbọ́. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ a máa fetí sí ẹnikẹ́ni tó bá ń fẹnu òkú sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ inú rẹ̀ kò balẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gun òkìtì yìí ká jọ ṣubú.”

Ìjàpá bú sẹ́rìn-ín. “Ta ló ń kọ́ ìṣubú? Ẹyìn orí ọ̀pẹ gan-an mọ̀ ọ́n ṣe!”

Ibẹ̀ ni Ẹtu ti mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Ìṣubú ni Bàbá Ẹfọ̀n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ fún gbogbo ọmọ.

“Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n.” Ṣé ẹ rí bó ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà mì?

Ọjọ́ ìjà pé. Ta ló jáde sí Ẹtu? Ìjàpá ni! Ó ń fọ́nnu: “Yánníbo mi ni yóò máa pọn omi yẹn!”

Òfin agbo ni pé, bí ẹnì kan bá ṣubú, a ó kọrin. Bí orin bá tán tí kò tíì dìde, a ti dá a nìyẹn.

Ẹtu díbọ́n bí ẹni dijú, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìjàpá bẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ náà. Ẹtu sì dì í lọ́rùn mú. Àwọn méjèèjì lọlẹ̀, gbì! Ó yá, ẹ kọ ọ́:

Ẹfọ̀n lọ, ilẹ̀ kù o,
*Gbìrì, dìde!*

Ẹtu yí, ó ti dìde. Ìjàpá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ jà lófuurufú. Àánú ṣe wá, a tún orin náà kọ. Kò dìde.

“Ẹtu, jọ̀ọ́, kọ́ mi!”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní wọn kì í kọ́ ọ.”

Ìyá Ẹtu mu omi lẹ́ẹ̀rùn náà. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé, títí dòní, bí Ìjàpá bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ ló ń jù.

Ibi tí àlọ́ mi ṣubú sí nìyí. Bí mo bá parọ́ fún yín, kí n má lè kúrò lórí ẹní yìí. Ẹ wò mí: mo dìde.